Ìwọ̀n Eku nìwọ̀n Ìtẹ́: Ìyípadà Ìwọ̀n Ohun Èlò Ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, láti Orí Ìgbọ̀nwọ́ dé Orí Kọ̀ǹpútà

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Olongo kì í gbé ìrókò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń túmọ̀ òwe yìí gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìtẹ́lọ́rùn nìkan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni pẹ̀lú. Ohun tí ó ń sọ ni pé nǹkan kan wà tí ó ń pàṣẹ ìwọ̀n fún ilé: ara ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀, igi tí a fi kọ́ ọ, ilẹ̀ tí ó dúró lé, àti àṣà àwọn tí ó ni ín.

Ní òde òní, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ti ń ṣiṣẹ́. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò, ẹni tí ó bá fẹ́ kí fèrèsé kan tóbi sí i lè di igun rẹ̀ mú, kí ó sì fà á. Fèrèsé náà yóò tóbi lójú ẹsẹ̀. Kò sí igi tí yóò kọ̀ fún un, kò sí amọ̀ tí yóò wó, kò sí àgbà ẹbí tí yóò béèrè ẹni tí ó fún un láṣẹ. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí ń wá ìdáhùn sí ni pé, nígbà tí àwọn tí ó máa ń kọ̀ wọ̀nyí kò sí níbẹ̀ mọ́, ta ni ó kù tí ń ṣọ́ ìwọ̀n? Ìsàlẹ̀ Èkó àti ìyókù Erékùṣù Èkó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé orí ilẹ̀ kékeré yẹn ni oríṣiríṣi ọ̀nà ìwọ̀n ti pàdé, tí wọ́n sì ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ títí di òní.

Ara Ènìyàn àti Amọ̀

Kí téèpù òyìnbó tó dé, ara ènìyàn ni òṣùwọ̀n. Ìgbọ̀nwọ́, ìbú àtẹ́lẹwọ́, ìka, ẹsẹ̀ àti ìṣísẹ̀ ni a fi ń mọ bí nǹkan ṣe gùn tó. Nígbà tí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní ọdún 1884, dé orí ọkọ̀ Nóà, wọn kò ní láti yá ọ̀rọ̀ kankan lò fún gígùn rẹ̀ tí ó jẹ́ 300, ìbú rẹ̀ tí ó jẹ́ 50, àti gíga rẹ̀ tí ó jẹ́ 30. Ìgbọ̀nwọ́ ti wà nílẹ̀.

Àwọn kan máa ń bẹnu àtẹ́ lu irú ìwọ̀n yìí pé apá ẹnì kan gùn ju ti ẹlòmíràn lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí apá kan náà bá ni ó wọn gbogbo ilé, ilẹ̀kùn yóò bá yàrá mu, yàrá yóò sì bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ mu. Ìgbà tí àwọn méjì tí apá wọn kò dọ́gba bá pín iṣẹ́ kan náà ṣe ni wàhálà ń dé. Ọ̀rọ̀ yìí yóò tún padà wá níwájú, nígbà tí a bá dé orí íǹṣì àti mìlímítà.

Ohun èlò pẹ̀lú ní àṣẹ tirẹ̀. Wọn kì í mọ ògiri amọ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ìpele kan ni wọn yóò mọ, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ògiri ga sí i, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè rántí èyí lẹ́yìn ìpele kẹta. Bákan náà ni igi àjà. Ibi tí igi bá gùn dé ni yàrá lè fẹ̀ dé. Nítorí náà, bí ìdílé bá ń pọ̀, agbo ilé kì í gbòòrò nípa pé yàrá ń tóbi. Yàrá ni yóò máa pọ̀ sí i, tí wọn yóò tò yí àgbàlá ká, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀.

Ààfin gan-an kò yọ ara rẹ̀ kúrò nínú òfin yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé àmì ààfin ni kọ̀bì jẹ́. Ohun tí ó fi ilé ọba hàn yàtọ̀ sí ti ará ìlú ni ohun tí a fi kún un, kì í ṣe yàrá kan náà tí a nà. Ìga Ìdúngànràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó jẹ́ ẹ̀rí tí ó hàn gbangba. Ìtàn sọ pé oko ata Àrómirẹ ni ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn. Apá àtijọ́ wà níbẹ̀ tí àwọn Potogí kópa nínú ṣíṣe rẹ̀. Apá tuntun sì wà tí a ṣí ní ọdún 1960. Apá kan kò gbé èkejì mì.

Ọwọ́ Àwọn Àgùdà

Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn lu Èkó ní ọdún 1851, tí wọ́n sì gbà á ní ọdún 1861, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì àti Kúbà túbọ̀ ń padà wálé. Àwọn ni a mọ̀ sí Àgùdà. Ìlà-oòrùn Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n tẹ̀dó sí, ní Pópó Àgùdà, ní agbègbè Bamgbose Street, Tokunboh Street àti Campos. Bíríkìlà, káfíńtà àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn pọ̀ láàrin wọn. Bíríkì àti ìrókò ni wọ́n fi ń kọ́lé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì wọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ilé Da Rocha ní Kakawa Street, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Water House nítorí omi kànga rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ní òpópónà tí a ń pè ní Martins Ponnu Street lónìí, jẹ́ òmíràn: João Baptista da Costa tí ó jẹ́ Àgùdà ni ọ̀gá iṣẹ́, Sanusi Aka tí ó jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sì bá a ṣe é. Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yẹn ṣe pàtàkì. Ọwọ́ ọ̀gá sí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ ni ìmọ̀ ìwọ̀n gbà kọjá, àwọn tí wọ́n jẹ́ Kátólíìkì àti àwọn tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí sì jọ pín in.

Kí ni ìmọ̀ náà? Ẹ jẹ́ kí á wo àtẹ̀gùn. Ká sọ pé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ga tó 112 íǹṣì sí ilẹ̀ ìsàlẹ̀. Bí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga ní íǹṣì 7, ìtẹ̀sẹ̀ 16 ni yóò gbé ènìyàn dé òkè. Onílé wá sọ pé òun fẹ́ kí àjà ga sí i, kí ó di 140 íǹṣì. Káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ kò ní í ronú lẹ́ẹ̀mejì: ìtẹ̀sẹ̀ 4 ni yóò fi kún un, yóò di 20, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì ṣì ga ní íǹṣì 7. Ìdí ni pé bí ilé tilẹ̀ ga sí i, ẹsẹ̀ ènìyàn kò gùn sí i. Ìyá àgbà tí ó ń gbé òkè kò ní í mọ̀ pé nǹkan kan yí padà, àfi pé yóò sinmi díẹ̀ sí i lójú ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú ilẹ̀kùn tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun. Bí ó bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tí orí rẹ̀ sì jẹ́ ìlàjì òbìrìkítí pípé, ẹsẹ̀ bàtà 2 ni orí náà yóò ga. Bí a bá fẹ ilẹ̀kùn náà dé ẹsẹ̀ bàtà 6, orí náà gbọ́dọ̀ ga dé 3, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kì í ṣe òbìrìkítí mọ́. Bíríkìlà mọ èyí láìka ìwé, nítorí pé okùn tí ó so mọ́ ìṣó ni ó fi ń fa ìlà náà. Okùn kò lè fa ohun mìíràn.

Pépà àti Ìjọba

Àwòrán orí pépà mú ohun titun wá. Íǹṣì kan lórí pépà lè dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 8 lórí ilẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohun gbogbo kéré ní ìlọ́po 96. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó jókòó sínú ọ́fíìsì lè rí àdúgbò kan lódindi lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ojú tí ó ń wo àdúgbò lórí tábìlì kì í sábà rí ẹni tí ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928 ni ìjọba dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní ọdún 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé àárín Erékùṣù Èkó tí wọ́n kà sí ibi ẹ̀gbin, wọ́n sì ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ sí Súrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961. Ohun tí ó rí ni pé ilé Súrùlérè jẹ́ ti ọkọ, aya àti ọmọ. Agbo ilé tí ó gba ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti àwọn ìyàwó kò wọ inú rẹ̀. Àwọn ẹbí tú ká. Àwọn oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ sì wọlé sínú ìnáwó.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ilé àtijọ́ wọ̀nyẹn kò ní àbùkù: omi kò tó, afẹ́fẹ́ kò tó, àrùn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pépà ni pé wọ́n mú ilé, wọ́n sì sọ ọ́ di kékeré, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ohun kan náà ni ó ṣì jẹ́ lẹ́yìn tí ó kéré tán. Agbo ilé tí a sọ di yàrá méjì ti di nǹkan mìíràn.

Orí Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1963, Ivan Sutherland kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, lórí ètò kan tí ó pè ní Sketchpad. Ẹni tí ó ń lò ó yóò fi kálàmù oníná ya ìlà sójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó yani lẹ́nu jù nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì ti gbàgbé, ni pé ayàwòrán lè fún ìlà ní òfin: kí ìlà méjì dọ́gba, kí wọ́n má ṣe pàdé, kí igun yìí jẹ́ igun ọ̀tún. Bí a bá fa ibì kan, ìyókù yóò tẹ̀lé òfin náà. Nítorí náà, àwòrán kọ̀ǹpútà ní ohun tí ó ń kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ìtàn ogún ọdún tí ó tẹ̀lé e kò nílò àlàyé púpọ̀. AutoCAD jáde ní ọdún 1982, ó sì sọ tábìlì ayàwòrán di ojú kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí á kíyè sí i pé àṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó fi lélẹ̀. SCALE ń mú kí ohun kan tóbi tàbí kí ó kéré ní gbogbo ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. STRETCH sì ń di ìpẹ̀kun kan mú, ó ń sún un, ó ń fi ìyókù sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí yàrá gùn sí i tí ó wá lo SCALE yóò bá ògiri tí ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá lo STRETCH dáadáa yóò rí yàrá tí ó gùn, ògiri kò sì yí padà.

SketchUp jáde ní ọdún 2000, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè kọ́ ọ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Irinṣẹ́ tí ó ń pè ní Scale máa ń yí ohun tí a bá yàn ká pẹ̀lú àwọn ibi ìdìmú. Bí a bá di ti igun mú, ohun náà yóò tóbi lọ́nà tí ó bára mu. Bí a bá di ti ẹ̀gbẹ́ mú, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò gbà fẹ̀. Ibí ni ọ̀fìn wà. Fèrèsé tí igi àyíká rẹ̀ nípọn ní íǹṣì 4, bí a bá fà á láti ẹ̀gbẹ́ títí tí ìbú rẹ̀ fi di ìlọ́po mẹ́ta, igi òsì àti ọ̀tún yóò di íǹṣì 12, ti òkè àti ìsàlẹ̀ yóò sì wà ní íǹṣì 4. Kò sí káfíńtà tí ó gbẹ́ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá fa àtẹ̀gùn tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan láti 112 dé 140 íǹṣì, ìtẹ̀sẹ̀ yóò ṣì jẹ́ 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò sì di íǹṣì 8.75. Àwòrán náà yóò dára lójú. Orúnkún ìyá àgbà ni yóò sọ òtítọ́.

Revit náà jáde ní ọdún 2000, ọ̀nà tí ó gbà yàtọ̀. Ẹ̀dá inú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé kì í jẹ́ kí á fi irinṣẹ́ ìfẹ̀ fa òun. Ìwọ̀n ni a ó kọ: ìbú báyìí, gíga báyìí. Ilẹ̀kùn náà yóò tún ara rẹ̀ yà, ìnípọn igi àyíká rẹ̀ yóò sì wà bí ó ti wà, bí ẹni tí ó ṣe é bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A lè sọ fún àtẹ̀gùn pé ìtẹ̀sẹ̀ kankan kò gbọ́dọ̀ ga ju ìwọ̀n kan lọ; bí ilẹ̀ òkè bá ga sí i, ètò náà yóò ṣírò iye ìtẹ̀sẹ̀ tí ó yẹ. Ìṣirò tí ọmọ iṣẹ́ Àgùdà ń ṣe pẹ̀lú ìka ọwọ́ ni. Ó tún pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé "family", ìyẹn ẹbí, ni ètò yìí ń pe àkójọ irú ilẹ̀kùn kan. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí agbo ilé láti ọdún 1955, ilẹ̀kùn ti ní ẹbí nínú kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, òfin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé kò ju èyí tí ènìyàn kọ sínú rẹ̀ lọ. Galileo ti ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1638 pé ohun tí ó tóbi kò lágbára ní ìwọ̀n bí ó ṣe tóbi. Bí a bá sọ ìtì igi kan di ìlọ́po méjì ní gígùn, ìbú àti gíga, ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po 8, ṣùgbọ́n ojú ibi tí a bá gé e sí kò ju ìlọ́po 4 lọ. Igi náà ti ń ru ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ kí ẹnikẹ́ni tó dúró lé e. Irinṣẹ́ ìfẹ̀ kò mọ èyí. Lórí kọ̀ǹpútà, àjà kan ni a lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé orí òmíràn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìpìlẹ̀ kò sì ní í sọ̀rọ̀. Ní Erékùṣù Èkó, níbi tí ilẹ̀ ti há tí ojú oníkálukú sì wà lókè, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí ó kú. Ohun tí ó fa ti Ìta-Fájì kọ́ ni iṣẹ́ yìí ń wádìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ilé yíyà gbọ́dọ̀ mọ irú ìlú tí àwòrán náà ń lọ.

Ẹsẹ̀ Bàtà àti Mìlímítà

Ọ̀rọ̀ apá méjì tí kò dọ́gba ti padà dé báyìí. Ní àwọn ọdún 1970 ni Nàìjíríà bọ́ sórí mítà, ní nǹkan bí àkókò tí a yí ọkọ̀ wíwà sí apá ọ̀tún ní ọdún 1972, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí ná náírà ní ọdún 1973. Ọkọ̀ yí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìwọ̀n kò yí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, 60 sí 120 ni onílẹ̀ ní Èkó ń pe púlọ́ọ̀tì, ẹsẹ̀ bàtà ni ó sì ń wí. Bíríkìlà ń béèrè búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án, nígbà tí ayàwòrán kọ 225 mìlímítà. Íǹṣì 9 gan-an jẹ́ 228.6. Bí a bá to búlọ́ọ̀kù 12 léra wọn láìka sìmẹ́ńtì àárín wọn, ìyàtọ̀ náà ti di mìlímítà 43, ó sì tó láti mú kí orí fèrèsé má bá ti àwòrán mu.

Inú kọ̀ǹpútà, àṣìṣe yìí le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbé fáìlì tí a yà ní íǹṣì wọ inú èyí tí ń ka mìlímítà, tí a kò sì sọ fún un, ilé náà yóò kéré ní ìlọ́po 25.4. Eyín ìlẹ̀kẹ̀ ni yóò dà. Àṣìṣe tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kò léwu púpọ̀, nítorí pé gbogbo ojú ni yóò rí i. Mìlímítà 43 ni ó léwu.

Ilojo Bar

Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni ẹbí Fernandez kọ́ ilé kan sí Bamgbose Street, létí Tinubu Square. Ilé ọtí àti ilé oúnjẹ ni wọ́n lò ó fún. Alfred Omolana Olaiya rà á ní ọdún 1933, orúkọ Ilojo Bar sì mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1956, ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ rẹ̀ ti ń jẹ yọ. Fọ́tò rẹ̀ wà. Kọ̀ǹpútà sì lè ṣe ohun tí ó dàbí idán níbí: ní SketchUp, bí a bá fi irinṣẹ́ téèpù wọn ìlà kan ṣoṣo tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ lóòótọ́, tí a sì tẹ nọ́ḿbà náà, odindi ilé yóò gba ìwọ̀n tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyípadà ìwọ̀n tí ó tọ̀nà ni èyí, nítorí pé kò yọ ohun kan sọ́tọ̀ láti nà án. Apá kan ṣoṣo ni ó wọn gbogbo ilé, bíi ti ayé ìgbọ̀nwọ́.

Ṣùgbọ́n iwájú ilé nìkan ni fọ́tò iwájú mọ̀. Ohun tí ó bá sún mọ́ ẹ̀yìn máa ń kéré nínú fọ́tò, nítorí náà ìlà tí ó tọ́ fún iwájú kò tọ́ fún àgbàlá. Fọ́tò kò sọ ìnípọn ògiri. Kò sọ bí igi àjà ṣe jìnnà sí ara wọn tó. Níbi tí a kò bá ti ní ìwọ̀n, ọwọ́ yóò máa yára lọ sí ibi ìdìmú ẹ̀gbẹ́ láti fa ojú ilẹ̀kùn títí tí yóò fi kún àyè, orí rẹ̀ tí ó tẹ̀ bí ọrun yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pẹlẹbẹ láìsí ẹni tí ó fura.

Mọ́sáláṣí Shitta-Bey ṣì wà, òun náà sì ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 2013. Ó kéré sí Ilojo Bar ní nǹkan bí ogójì ọdún, ọwọ́ tí ó kọ́ ọ kì í sì í ṣe ọwọ́ kan náà, nítorí náà a kò lè kó ìwọ̀n rẹ̀ wọ inú Ilojo Bar bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba àṣẹ, tí ó sì mú téèpù dé ojú fèrèsé rẹ̀, lè mọ bí àwọn Àgùdà àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ṣe ń mú kí igi nípọn tó bí ilẹ̀kùn bá fẹ̀, àti iye tí orí tí ó tẹ̀ ń ga bí ìbú bá ń pọ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì, ọ̀kan láti di ìpẹ̀kun téèpù mú, èkejì láti kọ ọ́ sílẹ̀.